Kí Èsì Àyẹ̀wò Tó Dé

Orí àpótí ni ọkùnrin náà dúró sí nígbà tí obìnrin yìí kọ́kọ́ tajú kán rí i. Ó gbé aago ògiri ńlá kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó ń ké iye owó, ó ń fi àwọn ahun ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń rẹ́rìn-ín. Ọjà àlòkù ló ń tà ní gbàǹjo. Ẹnu rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun bíńtín di ńlá ló gbé obìnrin náà wá. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara àwọn tó ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn wò. Wọ́n á gé ẹran náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á fi aró kùn ún lórí gíláàsì, wọ́n á wá àwọn purotéènì tó lè fi hàn bóyá àìsàn náà máa gbọ́ràn sí ìtọ́jú lẹ́nu, tàbí ó máa ṣagídí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ búlúù," ni ọkùnrin náà sọ. "Ẹ̀rọ yìí ti ń wò yín láti àárọ̀. Ẹ dákun, ẹ dá a lóhùn."

Ó dá a lóhùn, ẹ̀rọ náà sì di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onígbàǹjo ṣe yí ọrùn láti wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni obìnrin náà rí kókó kan lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, tó tó ẹyin ẹyẹlé. Nígbà tó lọ gba ẹrù, kò lè pa á mọ́ra.

"Kókó ọrùn yín yìí, ó ti pẹ́ bí?"

"Ojú mi làwọn obìnrin yòókù máa ń wò."

"Ojú yín ò burú. Ọrùn ni mo bèèrè."

"Kò dùn mí rárá."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ lọ rí dókítà ọ̀fun."

Ọkùnrin náà wò ó, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà. "Bí mo bá lọ, ṣé ẹ máa bá mi mu nǹkan tútù?"

"Ẹ kọ́kọ́ lọ ná."

Ó lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn bó bá ṣíwọ́ iṣẹ́. Ọkùnrin náà sọ ọ́ ní Aláwò, obìnrin náà sọ ọ́ ní Aláriwo, "ẹ" sì di "ìwọ" láàárín wọn kí wọ́n tó fura. Aláwò a máa wo aago léraléra bó bá ti ń sún mọ́ ìgbà tí wọ́n ń ṣíwọ́.

Dókítà gé ẹran díẹ̀ ní ìdí ahọ́n Aláriwo. Jẹjẹrẹ ni. Ó wá ku àyẹ̀wò purotéènì, orí tábìlì Aláwò ni gíláàsì náà sì bọ́ sí. Ó gbé e fún ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

"Bá mi ṣe é. Ojú ìfẹ́ ò lè wo èyí."

Nílé, ìyá rẹ̀ ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Ẹ̀yìn mi lo ṣì wà nígbà tí mo sin bàbá rẹ. Ọmọ mi, má fẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ síbi tí wọ́n gbé mi lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Aláriwo. Kò wá sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó ránṣẹ́ sí Aláwò pé kí èsì dé ná: bó bá dára, òun á wá, bí kò bá dára, kó gbàgbé òun.

Aláwò mórí lé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó bá a láàárín àga àlòkù àti dígí tó ti fọ́.

"Fẹ́ mi," ló sọ.

Ọkùnrin náà gbé àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bí èsì bá kọ́kọ́ dé, tó sì dára, wàá rò pé torí èsì ni mo ṣe fẹ́ ọ. Bí kò bá dára, wàá ní àánú ló ń ṣe mí. Lónìí, ẹnikẹ́ni ò mọ nǹkan kan. Ìwọ ni mo fẹ́."

Ẹ̀rù àti ayọ̀ jọ ń jà lójú ọkùnrin náà.

"Aláriwo ò lóhùn mọ́?"

"Mo ń wò bóyá ẹlòmíràn máa fowó lé e ni."

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹnì kejì Aláwò lẹ́nu iṣẹ́ sáré wá pè é síwájú awò. Gbogbo ẹran orí gíláàsì náà ló ti gba aró. Purotéènì tó ń fi hàn pé àìsàn máa gbọ́ràn sí ìtọ́jú kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Aláwò mọ̀ dájú pé èyí kì í ṣe ìlérí, pé ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ló fi hàn, kì í ṣe ọjọ́ ọ̀la ẹnì kan. Síbẹ̀ ó jó yí tábìlì po, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó jókòó.

Ìtọ́jú onítànṣán bẹ̀rẹ̀, ohùn Aláriwo sì ṣá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá Aláwò gbéra lọ bá a níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, kó lè sọ fún un lójúkojú pé kó fi ọmọ òun sílẹ̀. Ó bá ọkùnrin gbígbẹ kan tó ń fi ohùn wúyẹ́wúyẹ́ ta àga abẹ́ fáànù ní gbàǹjo. Ìtàn ni wọ́n fi ń rajà. Àwọn tí ọrùn wọn ti bó ń bá ara wọn du àga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wá àga kan jókòó.

"Màmá," ni ọkùnrin náà sọ, kò mọ ẹni tó jẹ́, "ẹ ò tíì ra èyí tẹ́ ẹ jókòó lé yẹn."

"Kí ni mo fẹ́ fi rà á?"

"Ẹ̀rín kan péré. Bó ti wù kó kéré mọ."

Ìyá fojú le, ó fojú le, ẹ̀rín ṣáà borí rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó. "Mo lọ lé e ni, àmọ́ ó ta àga tí mo ti jókòó lé fún mi. Bàbá rẹ náà a máa pa mí lẹ́rìn-ín báyẹn. Kò pẹ́ lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n tún un yàn, òun náà ni màá yàn. Lọ fẹ́ ọkọ rẹ."

Dókítà tan iná wo ọ̀fun náà lẹ́yìn tí ìtọ́jú parí, kò rí àmì jẹjẹrẹ kankan mọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nínú ọ́fíìsì kékeré kan tí oòrùn kún, akọ̀wé bi Aláriwo bóyá ó gba obìnrin yìí ní aya. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, nítorí itọ́ tí ìtànṣán gbẹ kò tíì padà tán. Gbogbo yàrá ń retí. Ìyá Aláwò ló dìde gbé ife omi fún un.

Ó mu ún, ó nu ẹnu, ó kọjú sí Aláwò.

"Mo gbà á."

Ohùn náà kò rinlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó tún un sọ.