Ibojì Àwọn Ará Ítálì

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde ni ilé gbogbo ní Igbein máa ń ro ibojì òkú wọn. Lọ́dún 1947, mo ro ti bàbá mi tán, mo kọjá sí ìdí ògiri itẹ́ òkú, níbi tí wọ́n sin ará Ítálì mẹ́rin sí, òǹdè ogun tí ibà pa. Ta ni kó bá wọn ro tiwọn? Ìyá wọn ò lè ti òkè òkun wá.

"Ẹ mọ̀ wọ́n ni?" ọkùnrin kan béèrè lẹ́yìn mi.

"Ó dìgbà tí mo bá mọ̀ wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. Dìran lorúkọ rẹ̀, akọ̀wé rélùwéè ní Lafẹ́nwá. Ó bọ́ kóòtù, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gé ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ìfẹ́ rẹ̀ kó sí mi lọ́kàn, kí n má purọ́.

Ọdún ò tíì yípo tí wọ́n fi wá tọrọ mi. Iṣu, orógbó, oyin, gbogbo rẹ̀ pé. Ni ìyá Dìran bá ní kí n kúnlẹ̀.

"Títílọlá, àwọn ará Ítálì ló pa Herbert, àbíkẹ́yìn mi, lójú ogun ní Abisíníà. Mi ò rí ibojì rẹ̀ títí dòní. Ṣèlérí pé o ò ní fọwọ́ kan koríko àwọn yẹn mọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n inú bí mi.

"Mà, ẹ pẹ̀lẹ́. Herbert náà wà nílẹ̀ onílẹ̀. Bí èmi bá dáwọ́ dúró níbí, kí lẹ fẹ́ kí ẹni tó lè máa ro tirẹ̀ lọ́hùn-ún ṣe? Mi ò ní ṣèlérí."

Àbúrò bàbá mi ń ṣẹ́jú sí mi kí n panu mọ́. Mi ò wò ó.

"Ẹ gbé iṣu wa!" Ìyá Dìran ti dìde.

"Ẹ gbé iṣu lọ, Màmá," ni Dìran wí, kò kúrò lórí àga. "Èmi ò lọ. Títí mi, dìde nílẹ̀, wá jókòó tì mí."

Oṣù Kìíní la ṣègbéyàwó. Àga àwọn ẹbí ọkọ ṣófo ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbórí sókè, mo rìn kọjá wọn.

Nígbà tí Sátidé Àjíǹde tún dé, èmi àti ọkọ mi wà nídìí ògiri. Ìyá rẹ̀ yọ sí wa, òun nìkan. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo kàn kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ.

Ó wo àwọn ibojì náà títí.

"Èwo ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn?"

Mo nawọ́ sí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán tu koríko rẹ̀.