Òórùn Kàfúrà

"Ìró ìyá àgbà mi nìyẹn!"

Jésùlayọ̀mi na ìka sí fèrèsé onígíláàsì. Arúgbó kan tí kò mọ̀ rí ló ń kọjá nínú yàrá, ìró àdìrẹ tí ìyá àgbà rẹ̀ kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì ró mọ́dìí.

Nọ́ọ̀sì Ìbíwùnmí kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. "Gbé oúnjẹ yẹn sórí tábìlì, kí o sún sẹ́yìn. Màmá ń bọ̀ lójú fèrèsé."

Láti oṣù méjì tí àrùn kòrónà ti gbòde, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyí nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà yìí ní Ìbafò. Lẹ́nu géètì, àlejò yóò fọwọ́, yóò bo imú, nọ́ọ̀sì yóò sì na ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn sí iwájú orí rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Síbẹ̀, kò ní wọ yàrá. Ìta ni yóò dúró sí, tí yóò máa juwọ́ sí èèyàn rẹ̀.

Ìyá àgbà yọ. Ó ti rù. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n Jésùlayọ̀mi kò gbọ́ nǹkan kan.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

"Kò ṣeé ṣe."

Kí ló dé tí kò ṣeé ṣe? Kí ni wọn kò fẹ́ kí òun gbọ́? Títí kẹ̀kẹ́ Màrúwá fi gbé e padà dé Mowe, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún Delight, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan náà.

Delight bú sẹ́rìn-ín. "Kòrónà wo? Wọ́n ń jẹ oúnjẹ màmá yín, wọ́n ń pín aṣọ wọn, ìwọ ń juwọ́ níta bí aṣojú ìjọba! Lajú ẹ, jàre."

Kí Sátidé mìíràn tó jẹ́ ọjọ́ àbẹ̀wò tó dé, ọ̀fìnkìn ti mú Jésùlayọ̀mi, ara rẹ̀ sì ń gbóná díẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn yóò tú àṣírí òun. Ó gbé Panadó méjì mì kó tó kúrò nílé.

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ, ó wo ojú rẹ̀ tó pọ́n. "Ṣé ara ẹ yá?"

"Ara mi le koko, mà."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí, kó tó jẹ́ kó wọ ọgbà. Bó ṣe kọjú sí àlejò mìíràn, Jésùlayọ̀mi yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé.

"Layọ̀mi, ọmọ mi! Báwo lo ṣe wọlé?"

Ó kúnlẹ̀. Ìyá àgbà fa ìbomú wálẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré rẹ̀, ó sì ń wúre fún un. Jésùlayọ̀mi náà ti yọ ìbomú tirẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè já geere.

"Màmá, ta ló gba ìró yín? Ta ló ń jẹ oúnjẹ yín?"

"Gbà bí ti báwo? Èmi ni mo fún Ìyá Fàsílátù." Ó nawọ́ sí arúgbó tó wà lórí ibùsùn kejì. "Tiẹ̀ ti gbó. Oúnjẹ ńkọ́? Wo abọ́ ẹ níbẹ̀. Àárò yín ni kì í jẹ́ kí n lè jẹun. Nọ́ọ̀sì yẹn ló ń fi ṣíbí bẹ̀ mí. Oṣù méjì rèé tí ò délé ara ẹ̀, kó má baà kó àrùn wá bá wa."

Ó fa àdìrẹ mìíràn yọ nínú báàgì. "Tìẹ rèé. Háà, kàfúrà tí mo kó sí i mà pọ̀ o!"

Ìyá Fàsílátù sín. "Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ fẹ́ fi òórùn pa wá ni?"

Jésùlayọ̀mi gbé aṣọ náà sí imú. Kò gbọ́ òórùn kankan. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ imú, ó mí kanlẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

Wọ́n ti sọ ọ́ lórí rédíò pé kí ẹni tí kò bá gbóòórùn mọ́ lójijì fura sí ara rẹ̀. Gbogbo bó ṣe ń wá olè kiri nínú ilé yìí, òun gan-an ló gbé aburú wọlé.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì wà ní ṣíṣí. Bó bá jáde, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó wo ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn dé ara ògiri, ó bo imú rẹ̀, ó kígbe:

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì! Ẹ máa bọ̀ o! Mo ti wọlé, ara mi ò sì yá!"

Nọ́ọ̀sì kò nà án. Ì bá sàn kó nà án. Wọ́n ti yàrá náà pa, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àti imú gbogbo wọn wò. Wọ́n bá kòrónà lára Jésùlayọ̀mi. Lọ́jọ́ kẹfà, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, Nọ́ọ̀sì Ìbíwùnmí náà sì dùbúlẹ̀. Ìtọ́jú tètè dé, àwọn méjèèjì gbádùn. Ìyá Fàsílátù tí àrùn náà mú pẹ̀lú wọn kò gbádùn. Àdìrẹ tí ìyá àgbà fún un ló wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Jésùlayọ̀mi tún dé ẹnu géètì. Nọ́ọ̀sì gbé ọ̀rá kékeré kan sórí tábìlì, ó sì sún jìnnà.

"Gbọ́ òórùn ẹ̀. Kí ni?"

"Kàfúrà ni, mà. Ó ń ta mí nímú."

"Ṣé o lo oògùn kankan lónìí?"

"Rárá, mà."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí, bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Inú kò bí Jésùlayọ̀mi. Ó mọ ìdí rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ síta lábẹ́ fèrèsé. Ìyá àgbà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí gíláàsì, ẹnu rẹ̀ sì ń mì. Lẹ́yìn rẹ̀, ibùsùn kejì ṣófo. Lọ́tẹ̀ yìí, Jésùlayọ̀mi kò bẹ ẹnikẹ́ni kó ṣí fèrèsé. Ó ti yé e pé òfin tí òun pè ní ìwà ìkà ló ń dáàbò bo àwọn arúgbó wọ̀nyí, àti pé irọ́ kan ṣoṣo lẹ́nu géètì ti tó láti pa ẹni tí kò ṣẹ òun rí.