Ògbufọ̀ Tí Kò Gbọ́ Èdè

Ọjọ́ tí Moríyọ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Trans-Amadi, ní Port Harcourt, òjò ń rọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Oṣù Kẹwàá ọdún 2008 ni. Kétu, ìlú Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin, ló ti wá. Wọ́n rán an wá fún oṣù mẹ́sàn-án láti ran olùkọ́ Faransé lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ lè gbọ́ èdè náà lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan. Pidgin tí gbogbo ìlú ń sọ kò yé e rárá, olùkọ́ Faransé kò sì wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Màdáámù Tonye, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ránṣẹ́ pe Akínkúnlé, olùkọ́ ìṣirò.

"Mr. Akin, na your person be dis. Abeg, wetin she dey talk?"

Akínkúnlé nu ẹfun ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ... ẹ káàárọ̀, Mà."

Aago méjì ọ̀sán ti lù. "Ẹ káàsán," ni Moríyọ̀ dá a lóhùn. "Mo ní ṣé wọ́n lè yá mi ní bàsíà. Òjò yìí ń ṣòfò."

Akínkúnlé gbọ́ "òjò", ó gbọ́ "bàsíà". Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀: "She wan baff."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Moríyọ̀ wá mọ̀ pé wọ́n ní òun fẹ́ wẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àṣé báríkì ọlọ́pàá ní Port Harcourt ni wọ́n bí Akínkúnlé sí. Ọmọ Oǹdó ni bàbá rẹ̀ tó ti kú, ṣùgbọ́n Pidgin ni àwọn ọmọ fi dàgbà.

Oṣù àkọ́kọ́, ńṣe ni ẹnu ń ya Moríyọ̀. Ní Kétu, kàǹga jìn, ọ̀nà odò sì jìn. Níbí, omi ń já bọ́ láti ojú ọ̀run lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kì í gbójú sókè wò ó. Ó to bàsíà àti ìkòkò yí yàrá rẹ̀ ká. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní Sátidé kan, Akínkúnlé mú un lọ sí etí omi ní Amadi-Ama. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn ọkọ̀ ojú omi jókòó sínú ẹrẹ̀ láìsí omi. Wọ́n ra ẹja yíyan, wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa tún wẹ̀yìn, omi ti gbé gbogbo ọkọ̀ náà sókè.

"Ta ló gbé omi dé?"

"Òkun ni. Ó máa lọ, ó máa come back. Every day."

"Lójoojúmọ́? Láìsí ẹni tó pè é?"

Moríyọ̀ jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà á, inú rẹ̀ sì dùn. Akínkúnlé, tó ti ń kọjá níbẹ̀ láti kékeré, wá ń wo omi náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí.

Ibẹ̀ ni Moríyọ̀ ti ń kọ́ ọ ní Yorùbá. Akínkúnlé fẹ́ pè é ní "ọkàn mi", ẹnu rẹ̀ gbé e sí "ọ̀kan mi". Moríyọ̀ la ẹnu láti tún un ṣe, ló bá fi í sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Akínkúnlé mú un lọ kí ìyá rẹ̀ ní Oyigbo. Ìyá Akin àti Moríyọ̀ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé títí di ìrọ̀lẹ́. Akínkúnlé jókòó, ó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fóònù Baba Gbọ́lágadé, bàbá Moríyọ̀, láti sọ pé àwọn fẹ́ fẹ́ ara wọn, Akínkúnlé sọ fún un pé, "Báwo ni?"

"Ẹgbẹ́ rẹ ni mí?" ni bàbá wí. Ó pa fóònù. Nígbà tó tún pe ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, kí ló fẹ́ fi tọ́ ọmọ? Wọ́n tún ní wọ́n ń jí àlejò gbé níbẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ bá parí ní oṣù Kẹfà, máa bọ̀ nílé. Má mú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà bọ̀."

Moríyọ̀ sunkún. Ó fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní oṣù Kẹfà, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, Akínkúnlé àti ìyá rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Kétu. Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò lọ́nà, Akínkúnlé sì ń ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lákàtúnkà títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Baba Gbọ́lágadé. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Baba. Ẹ kú ilé." Lẹ́yìn èyí, gbogbo ìyókù sá kúrò lórí rẹ̀. "Baba, abeg... ọ̀rọ̀ ti tán. Mo fẹ́ràn ọmọ yín. Mo fẹ́ kọ́ ìyókù lọ́dọ̀ yín."

Baba kò wò ó. Ó yíjú sí Ìyá Akin. "Ta ló gba èdè lẹ́nu ọmọ yìí?"

"Èmi ni," ni obìnrin náà wí. "Àlejò ni wọ́n ń pe wá ní báríkì. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi jẹ́ àlejò níbi tí mo bí wọn sí, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa sọ Pidgin nìkan. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín nínú yàrá, èmi ò ní mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí ọmọ yín wọ ilé mi ni ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí léèrè orúkọ ìyá mi."

Baba na ọwọ́ sí Akínkúnlé.

"Dìde," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù kí ilé ẹ̀kọ́ yín wọlé?"

"Mẹ́rin, Baba."

"Ó tó. Lọ́la, a ń lọ sóko."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Moríyọ̀ kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì Kétu. Baba Gbọ́lágadé fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé Akínkúnlé lọ́wọ́, ó sì sọ nǹkan kan sí i létí. Akínkúnlé dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ Yorùbá gígùn, láìdúró, ni bàbá bá mi orí.

"Kí ni ẹ sọ?" ni Moríyọ̀ bi í nígbà tí wọ́n jáde.

"Ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá mi ni," ni Akínkúnlé wí.