Orúkọ Tí Kọ̀ǹpútà Kò Fẹ́ Gbọ́

Kò sí àbùmọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣojú Rahmah ló ṣe, ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe òpùrọ́.

Basit ni ọkùnrin tó wá tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ilé iṣẹ́ ńlá kan nítòsí London Bridge ló ń bá tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí ọlọ́gbọ́n kan ní gbogbo Peckham. Àǹtí Mìsítúrà, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Peckham níbẹ̀, ló ránṣẹ́ pè é. Ọkọ obìnrin náà, Alhaji Tàjùdéèn, ti kú lọ́dún tó kọjá. Kọ̀ǹpútà tí bàbá náà fi sílẹ̀ ni Rahmah, ọmọ rẹ̀, fi ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá tó fẹ́ fi jáde yunifásítì ní New Cross. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà á kàn kú lójijì, á sì tún tan ara rẹ̀. Ohun tí Rahmah bá kọ á sọnù. Ọjọ́ Monday sì ni wọ́n máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán Saturday ni. Òpópónà ọjà Rye Lane ń hó lábẹ́ fèrèsé. Basit wo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni wo ẹja tó ti jẹrà.

"Níbo lẹ ti rí pàǹtí yìí?"

"Old Kent Road ni Daddy ti rà á," Rahmah dáhùn. "Second-hand."

"Mo mọ̀. Kò sí ohun gidi kan tí ọkùnrin yẹn rà rí."

Àǹtí Mìsítúrà gbọ́.

Basit tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Eruku ni ṣáá. Ó gbọn fáànù, ó yọ memory, ó nù ún, ó tì í padà. Ó pààrọ̀ wáyà iná. Ó yẹ gbogbo ibi tí iná ń gbà wọlé wò, kò sí ibi tó bàjẹ́. Ó tàn án. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

"Ṣé ẹ rí i?" Ó pòṣé. "Ìdọ̀tí. Ìdọ̀tí lásán ló ń dà yín láàmú."

"Kì í ṣe ìdọ̀tí," Àǹtí Mìsítúrà ní. "Tí a bá ti dárúkọ ọkọ mi ló máa ń kú."

Basit rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Àǹtí, London lẹ wà o. Kí wọ́n tó bí mi lẹ ti ń gbé ibí, síbẹ̀ ojú yín ò là."

"Ìwọ dárúkọ rẹ̀ nígbà náà."

"Alhaji Tàjùdéèn."

Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Fáànù dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, iná rẹ̀ tún tàn.

Rahmah ká ẹsẹ̀ sórí àga. "Bro Basit, allow it, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Power supply tó ń fún un níná ni. Ó ti gbó."

Ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Inú ń bí i pé irú ilé báyìí, tó ń rùn fún ẹja díndín, fẹ́ dẹ́rù ba irú òun. Ó tún dárúkọ náà. Kọ̀ǹpútà kú. Ó tàn. Ó tún dárúkọ náà. Kọ̀ǹpútà tún kú.

Nígbà tó tàn padà, Basit yọ "Alhaji" kúrò lára orúkọ náà. Ó na ọrùn sí kọ̀ǹpútà náà, ó sì pariwo bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀.

"Tàjù! Ìwọ Tàjù! Ṣé o di adití ni?"

Kọ̀ǹpútà kò kú.

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló fura pé òun ò gbọ́ ariwo bọ́ọ̀sì mọ́. Kò gbọ́ ohùn àwọn tó ń rajà. Gbogbo ìta pa lọ́lọ́.

Nínú yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan wúkọ́.

"Mo ń bọ̀," ohùn ọkùnrin kan ní, jẹ́jẹ́.

Rahmah fọwọ́ bo ẹnu. Bẹ́ẹ̀dì dún, bí ìgbà tí ẹni tó sùn bá dìde. Sálúbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, ṣàà, ṣàà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn nìkan lèèyàn sì lè gbà jáde nínú ilé náà.

"Àǹtí," Basit ní, ohùn rẹ̀ ti fẹ́ẹ́rẹ́. "Ta ló wà nínú yàrá?"

Àǹtí Mìsítúrà tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. Ó sún lórí àga, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Sálúbàtà dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Ó dúró. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Obìnrin náà wá wo Basit látòkè délẹ̀, bí ẹni ń wo ohun tí kò tó gbá dànù.

"Àwa kàn ń dárúkọ rẹ̀ ni, ìwọ pè é," ó ní. "Ó ti dá ẹ lóhùn. Sọ ohun tó o fẹ́ bá a sọ."

Basit fẹ̀yìn ti ògiri. Tìmùtìmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí Mìsítúrà rọra tẹ̀ wọlẹ̀. Lórí tábìlì, kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ lọ, kò sì tíì kú títí di òní.