Ẹ̀gún Inú Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà

Rachel ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Kàbbà ni ilé wọn wà.

Bàbá Rachel ti ṣiṣẹ́ rí ní oko kòkó, ní erékùṣù Fẹnándò Pó. Èdè Sípéènì ni àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ń sọ.

"Bàbá, kí ni ẹ kó bọ̀ láti ibẹ̀?"

"Àpótí kan, fìlà kan, àti orúkọ ọgbẹ́."

"Orúkọ ọgbẹ́ kẹ̀?"

"Àdá kò jẹ́ kí n kọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ọmọ mi! Ọgbẹ́ ni ẹrída. Ẹ̀jẹ̀ ni sángírè. Ẹ̀gún ni espínà. Bí nǹkan bá sì ń dùn ọ́, duélè ni kí o ké."

Rachel fi í kọrin káàkiri àgbàlá. Ẹrída! Sángírè! Espínà! Duélè!

Ní ọjọ́ kan, Bàbá lọ sí Ògìdì. Rachel bá Ìyá Àgbà lọ sí oko.

Ṣàà, ṣàà, ṣàà, wọ́n ń rìn lọ nínú koríko. Ìyá Àgbà tẹ imọ̀ ọ̀pẹ mọ́lẹ̀.

"Yéè!"

Ẹ̀gún ọ̀pẹ ni. Ìyá Àgbà fà á. Pá! Ó kán. Ìdajì wà lọ́wọ́. Ìdajì kù sínú ẹsẹ̀.

Ìyá Àgbà fi òrí pa ojú ọgbẹ́ náà. Ojú ọgbẹ́ dí. Ó ń dán.

Ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ wú. Ní ọjọ́ kẹta, ó wú bí iṣu. Ìyá Àgbà kò lè dìde. Bàbá kò sì tíì ti Ògìdì dé.

Ẹ̀rù ba Rachel. Ṣé Ìyá Àgbà yóò tún rìn?

Isaiah, aládùúgbò wọn, gbé Ìyá Àgbà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Kíríkírí, kíríkírí, ó di ilé ìwòsàn. Rachel ń sáré tẹ̀ lé wọn.

Sístà Pìlá ni ó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Láti Sípéènì ni ó ti dé, kò sì tíì pẹ́. Ìkíni nìkan ni ó mọ̀ nínú èdè wa.

"Okun o! Ṣé dáadáa ni?"

"Okun o!" ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Dáadáa ni, a dúpẹ́. Ọkọ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

"Dáadáa ni!" ni Sístà wí.

Sístà kò ní ọkọ. Kò ní ọmọ. Ṣùgbọ́n dáadáa ni.

Sístà tẹ ẹsẹ̀ náà wò díẹ̀. "Ṣé dáadáa ni?"

Òógùn bo ojú Ìyá Àgbà. Ó di eyín rẹ̀ pọ̀. "Dáadáa ni, a dúpẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Bí ènìyàn bá kí ọ, ọpẹ́ ni kí o kọ́kọ́ fi dáhùn.

Sístà mú aṣọ funfun. Ó ń fi di ẹsẹ̀ náà. Yípo, yípo, yípo.

"Ìyá Àgbà, ẹ sọ fún un!"

"Kí n máa ké lójú àlejò? Dákẹ́, aláròyé!"

Yípo, yípo. Ẹ̀gún ṣì wà nínú!

Ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Rachel mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà.

"Sístà! Espínà!"

Ọwọ́ Sístà dúró. "Espínà?"

Rachel na ìka sí àtẹ́lẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. "Espínà! Duélè! Duélè! Duélè!"

"Rachel! Èdè wo nìyẹn?"

"Èdè tí Bàbá kó bọ̀ ni, Ìyá Àgbà."

Kíá, Sístà tú aṣọ náà. Ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu òrí kúrò. Ihò dúdú kékeré kan yọjú.

Sístà mú ẹ̀mú tín-ín-rín. Ó fa ẹ̀gún náà jẹ́jẹ́. Fììì! Ó jáde. Ó gùn tó ìka Rachel!

"Yéè! Ó dùn mí o! Ó dùn mí dé egungun!"

"Ẹ ṣeun, Ìyá Àgbà. Ẹ ti sọ ọ́!" ni Rachel wí.

Ìyá Àgbà fi ẹkún rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, ẹnu rẹ mú ju ẹ̀gún lọ!"

Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrin tí Sístà ti yọ ẹ̀gún náà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Ìyá Àgbà fi rìn wá fi ẹsẹ̀ han Sístà. Rachel di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìyá Àsàmọ̀, tí ó ń ta iyọ̀, jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó fi ọwọ́ kan gbé ọwọ́ kejì.

"Ṣé dáadáa ni?" ni Sístà bi í.

"Dáadáa ni, a dúpẹ́."

Rachel mi orí. Ó sọ̀rọ̀ sí Sístà létí, wúyẹ́, wúyẹ́, wúyẹ́.

Sístà gbìyànjú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Níbo... ni ó... ń dùn yín?"

Ojú Ìyá Àsàmọ̀ là. "Háà! Sístà! Ìgúnpá mi ni! N kò sùn láti àná!"

"Má fi nǹkan kan pamọ́, Ìyá Àsàmọ̀," ni Ìyá Àgbà ké láti ẹnu ọ̀nà. "Sọ gbogbo rẹ̀!"