Mọ́tò Tíṣà Tó Dákẹ́ Jù

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àhesọ. Ẹni tó ṣojú rẹ̀ ṣì wà láyé, irọ́ rẹ̀ ò sì lè mú nǹkan kan bọ̀ sápò rẹ̀.

Ó ti rẹ mẹkáníìkì náà tipẹ́. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń tẹ̀ ba sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀, Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbé mọ́tò àtijọ́ yìí wá. Ìyàwó Tíṣà ti lo oṣù kan ní ọsibítù. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ìlẹ̀kùn bá gbá báyìí, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Dókítà ní kó lọ máa gba ìtọ́jú nílé láti ọjọ́ Ẹtì, Tíṣà sì takú pé mọ́tò tóun fi gbé e níyàwó lòun máa fi gbé e délé.

"Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi pa á lẹ́nu mọ́."

Tápẹ́ẹ̀tì ló ń pariwo, àwọn irin kékeré tí ọ́ìlì ń kún inú wọn, tí wọ́n ń gbé fáàfù ẹ́ńjìnnì sókè. Mẹkáníìkì ra oríṣi mẹ́ta, ó rì wọ́n sínú ọ́ìlì mọ́jú. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀. Àtàǹpàkò ló fi wá èyí tínú ń run. Èyí tó ń dán jù rọ̀ bíi búrẹ́dì. Ìkejì ń há. Ìkẹta ò dán, páálí rẹ̀ ò lórúkọ, àmọ́ kò rọ̀, kò há. Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sínú ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló ṣíná sí i. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì: ó ń ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn.

Ìgbà náà ló gbọ́ ikọ́. Ikọ́ obìnrin, láti ìjókòó ẹ̀yìn.

Ó yíjú. Kò séèyàn. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ikọ́ dákẹ́. Ó tún ṣíná sí i.

"Ẹ rọra o," ohùn kan wí.

Ẹ̀rù bà á. Ó pe Tíṣà. Tíṣà dé, ó tẹ́tí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ mi nìyẹn."

"Tíṣà, ọsibítù ni Màmá wà."

"Ṣé n ò mọ ibi tó wà ni?"

Fóònù Tíṣà dún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀.

"Bàámi, Màámi ti sọ̀rọ̀! Wọ́n ní mọ́tò yìí mà dákẹ́ o. Wọ́n ní ta ló pa á lẹ́ẹ̀kan, pé àwọn ò lè mí. Nọ́ọ̀sì ní lóòótọ́ lèémí wọn dá. Bàámi, mọ́tò wo ni?"

Mẹkáníìkì rọra gbọ́wọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n wà á lọ sílé Tíṣà, jẹ́jẹ́. Tíṣà ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ìyàwó mi, a ti délé."

"Ibí kọ́," ohùn náà wí láti ẹ̀yìn.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọn ò tíì pa ẹ́ńjìnnì náà. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ìyàwó Tíṣà ń sọ pé inú mọ́tò lòun wà, kí ẹnikẹ́ni má gbé òun sọ̀ kalẹ̀. Mẹkáníìkì ń bu epo sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ́ìlì ti ń dúdú, a kì í sì í pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Kò tíì lè sọ fún Tíṣà pé ẹ́ńjìnnì náà ò ní pẹ́ kú.

Lánàá, mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé mọ́tò.

"Màmá, ó ti rẹ̀ mí. Níbo wá nilé?"

Ohùn náà dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Ẹ ṣáà máa wà á lọ."