Imú Ẹ̀rọ Náà

"Tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe pè é gan-an," ni ẹ̀gbọ́n wí fún àbúrò rẹ̀ obìnrin láti orí ibùsùn. "Tí lẹ́tà kan bá ṣìnà, ẹ̀rọ kò ní gbọ́."

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Irinṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ sí kò ní àwòrán kankan, ojú dúdú lásán ni lórí kọ̀ǹpútà. Àṣẹ ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ géèmù tí ẹ̀gbọ́n náà ń fọwọ́ dì mú yóò sì ṣe bí wọ́n ti wí: kí fáànù tó ń lé ooru inú rẹ̀ yára, tàbí kí bọ́tìnnì kan máa ṣe iṣẹ́ òmíràn. Àìsàn ti gba ẹsẹ̀ àti ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n náà láti ọdún mẹ́ta. Ìka mẹ́ta péré ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, abẹ́ wọn sì ni àbúrò rẹ̀ kó gbogbo iṣẹ́ bọ́tìnnì sí. Báyìí ló ṣe ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àpáta ṣeré lójoojúmọ́. Inú géèmù ni wọ́n ti mọra, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ. Wọn kò fojú kan ara wọn rí.

Nítorí ìtàn ẹ̀rọ yìí tó máa ń sọ, Enjinníà ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà ní kíláàsì, orí rẹ̀ a sì máa wú. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀ yọ ṣùtì sí i.

"Ẹnu lásán! Gbé ẹ̀rọ náà wá ká fojú rí i."

Ó lọ parọ́ nílé. "Bọ̀dá, tíṣà wa ló fẹ́ wò ó."

"Máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan fáànù yẹn o. Òun ni imú tí ẹ̀rọ yìí fi ń mí."

Nínú ilé ìkàwé ilé ìwé, ó so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ṣù bò ó. Fáànù ń kùn, alábòójútó sì gbójú sókè.

"Pa ariwo yẹn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wa!" ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wí.

Ọkàn ọmọbìnrin náà sọ fún un pé kò dáa. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́. Ó kọ àṣẹ kan, fáànù dákẹ́. Ó kọ èkejì, agbára ẹ̀rọ náà kọjá ààlà. Géèmù ń sáré bí ẹṣin. "Enjinníà!" ni wọ́n ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí wọ́n ń gbá a léjìká. Kò pẹ́ tí òórùn ike tó ń jóná fi gba afẹ́fẹ́. Bátìrì wú, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ya, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn.

"Ọmọ mi, mi ò ní tàn ẹ́," ni alátùn-únṣe ẹ̀rọ tó gbé e lọ bá wí. "Gbogbo inú rẹ̀ ló ti jóná. Wọn ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́."

Ọmọbìnrin náà padà sílé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pariwo.

"Ṣé a kọ ọ̀nà tí a lè gbà rí Àpáta síbì kankan?"

"Rárá, Bọ̀dá. Inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ló wà."

"Mo ti dárí jì ọ́." Ó kọjú sí ògiri.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọmọbìnrin náà fi wá Àpáta lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé. Àwọn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí eṣú. Àwọn tó ń gbá a léjìká ti rí ẹlòmíràn yìn. Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé mọ́, oúnjẹ rẹ̀ sì ń padà sí ilé ìdáná bí wọ́n ṣe gbé e wá.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ohun tó so ẹlòmíràn mọ́ ayé ṣe fújà. Ìdáríjì lè dé, kí ohun tó bàjẹ́ má sì padà wá.